Oko Lè Wa Ọkọ̀



Ní ọdún 1973, nígbà tí owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin, ìdààmú bá ilẹ̀ Bràsíl, nítorí òkèèrè ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo wọn ti ń wá. Ní 1975 ìjọba wọn yíjú sí ìrèké. Wọ́n pọn ọtí líle láti inú rẹ̀, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú mọ́tò. Èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n fún ìrèké tán ni wọ́n fi ń dáná ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán. Owó ṣúgà gun òkè ní ọjà àgbáyé, àwọn onílé-iṣẹ́ sì yà sí ṣúgà ṣíṣe. Ní 1989 ọtí ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, àwọn onímọ́tò sì kábàámọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ tí ń mu ọtí àti epo dé ní 2003 ni ọkàn wọn tó balẹ̀.

Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé, ẹ̀gẹ́ sì ń ṣe irú ọtí yìí. Ní 2007 ìjọba àpapọ̀ kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé nìkan kò lè wa ọkọ̀. Kí wọ́n sọ iye tí wọn yóò ra ẹ̀gẹ́ kí àgbẹ̀ tó kọ ebè, kí wọ́n má sì yẹ ọ̀rọ̀ náà. Èyí ni kí ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin.