Fọ́tò Ogun àti Òtítọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láti ìgbà tí fọ́tò ti dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á mọ́ àfojúbà: ohun tí a bá rí nínú rẹ̀, a gbà pé ó ṣojú wa. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé ìròyìn ni fọ́tò, ó sì yẹ kí a máa bi í ní ìbéèrè bí a ti ń bi ẹlẹ́rìí. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lọ sí ojú ogun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 1855, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Tọ́kì ń bá Rọ́ṣíà jà ní Crimea, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Roger Fenton, lọ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí oníṣòwò wáìnì kan ti lò rí ni ó sọ di yàrá òkùnkùn tí ó ń fọ fọ́tò nínú rẹ̀. Lórí gíláàsì ni wọ́n ń ya fọ́tò nígbà náà: wọn a da oògùn sí i lójú, wọn a yà á kí oògùn tó gbẹ, wọn a sì fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè ya ìjà bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Fọ́tò tí Fenton yà lé ní 300, ṣùgbọ́n kò sí òkú ọmọ ogun kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àìsàn àti ìbọn ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ohun tí a kò yà pẹ̀lú jẹ́ apá kan ìròyìn.

Ní oṣù kẹrin, ó dé ibi tí àwọn ọmọ ogun ń pè ní Àfonífojì Òjìji Ikú, orúkọ tí wọ́n mú láti inú Sáàmù 23, nítorí ọta àgbá ń rọ̀ síbẹ̀ bí òjò. Fọ́tò méjì ni ó yà lójú kan náà. Nínú ọ̀kan, ọta wà nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, ojú ọ̀nà sì mọ́. Nínú èkejì, ọta wà káàkiri ojú ọ̀nà. Èwo ni ó ṣáájú? Bí ó bá jẹ́ èyí tí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ni, a jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó kó ọta síbẹ̀. Àríyànjiyàn yìí pẹ́. Ní ọdún 2007, ará Amẹ́ríkà kan, Errol Morris, wádìí rẹ̀ dé Crimea. Àwọn òkúta kéékèèké ara òkè ni ó jẹ́rìí: nínú fọ́tò tí ọta wà lójú ọ̀nà, wọ́n ti yí wálẹ̀ díẹ̀ ju bí wọ́n ti wà nínú èkejì lọ. Òkúta kì í sì í yí gun òkè. Ọ̀nà tí ó mọ́ ni ó ṣáájú.

Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 1863, Alexander Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Gettysburg lẹ́yìn ìjà ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ya òkú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogun Gúúsù kan níbi tí wọ́n bá a. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e ní nǹkan bí 40 yáàdì lọ sí àárín àwọn àpáta tí a mọ odi òkúta sí, wọ́n fi ìbọn ti ara odi, wọ́n sì tún un yà. Nínú ìwé tí Gardner tẹ̀ jáde ní ọdún 1866, ó ní atamátàsé ni, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ìbọn náà kì í ṣe irú èyí tí atamátàsé ń lò. Ó di ọdún 1961 kí Frederic Ray tó ṣàkíyèsí pé òkú kan náà ni ó wà ní ibi méjì. Ní ọdún 1975, William Frassanito tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí a dájọ́ òdodo. Ọta rọ̀ sí àfonífojì náà lóòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkú kò lè sọ pé, "Ibí kọ́ ni mo kú sí." Ẹni tí ó gbé e, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀, ti gba ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Lónìí, fọ́tò ń dé orí fóònù wa kí a tó jí: òkú, ilé tí ń jó, tí wọ́n ní ní ìlú báyìí ni. Ó lè jẹ́ ti ọdún mìíràn, ní ilẹ̀ mìíràn. Ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ṣe é látòkè délẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá tìtorí irú rẹ̀ gbé àdá, ẹ̀jẹ̀ tí yóò ṣàn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú fọ́tò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a tó gbà á gbọ́, kí a bèèrè: ta ni ó yà á? Níbo, nígbà wo? Kí ni ó wà lẹ́yìn ibi tí fọ́tò parí sí? Ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀?

A kò ní kí ẹ kọ fọ́tò sílẹ̀. Fọ́tò kan náà ni ó tú àṣírí èkejì: nítorí pé a tọ́jú méjèèjì ni a ṣe mọ òtítọ́. Nítorí náà a rọ gbogbo ọmọ ìlú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, pé kí ẹ tọ́jú fọ́tò àtijọ́ ìdílé àti ti ìlú. Ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọdún sí ẹ̀yìn wọn nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ṣì wà láàyè, kí àwọn ọmọ wa má baà bá ojú láìbá orúkọ.