Kọ̀ǹpútà Kékeré Tó Wà ní Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

Wọ́n ti ní ká má pẹ́ níwájú torí ìrẹsì ń tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀rọ̀ owó yín ni.

Láti ìgbà tí a ti ra kọ̀ǹpútà tuntun ni ẹ ti ń bi wá léèrè. Ẹlẹ́ran ń bi wá, aláṣọ ń bi wá. Ìyá kan tilẹ̀ wọ ọ́fíìsì, wọ́n wo orí tábìlì títí, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kọ̀ǹpútà ọ̀hún dà? Àbí ẹ gbé e lọ sílé ni?" A nawọ́ sí i lẹ́yìn síkíríìnì. Ìyá bú sẹ́rìn-ín: "Páálí yìí lẹ kó owó ẹgbẹ́ lé lórí?" A ò bínú. Owó yín ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè.

Kọ̀ǹpútà tí ojú wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tí àpótí rẹ̀ dúró gàgàrà lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá tú àpótí yẹn wò, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2005, Apple gbé Mac mini jáde, íǹṣì mẹ́fà àtààbọ̀ níbùú lóòró, láìsí síkíríìnì, láìsí kíbọ́ọ̀dù, kí oníkálukú lo èyí tó bá ní nílé. Ní 2012 Intel náà fi tiwọn hàn tí wọ́n pè ní NUC. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́ ní 2023, ASUS ló gbà á ṣe. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ò kẹ̀rẹ̀: Lenovo pe tirẹ̀ ní Tiny, HP pe tirẹ̀ ní Mini, Dell pe tirẹ̀ ní Micro. Ọ̀kan nínú irú ìyẹn la rà, tòkunbọ̀ ni, kò sì ju ìwé gbèsè méjì tí ẹ tò léra wọn lọ.

Kì í ṣe torí ẹwà la ṣe yan kékeré. Torí iná ni. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ alápòótí, pẹ̀lú síkíríìnì rẹ̀ oníkùn ńlá tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ayé àná, àwọn méjèèjì lè jẹ tó 150 wátì. Kékeré yìí, bó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tiwa, ìyẹn ìṣirò owó àti lẹ́tà kíkọ, òun àti síkíríìnì pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í sábà jẹ ju nǹkan bíi 40 wátì lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Ní wákàtí mẹ́jọ, ti àtijọ́ á jẹ yúnítì kan àti díẹ̀. Tuntun ò ní jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta yúnítì kan lọ. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra yúnítì sínú mítà mọ ohun tí à ń wí.

Ibi tó wá dùn jù ni ti ìnfátà. Bátìrì kan ṣoṣo, 12 fóòtì, 100Ah, tí a ò sì jẹ́ kó lọ kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, á gbé ti àtijọ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Á gbé kékeré yìí láti àárọ̀ títí ẹ ó fi máa palẹ̀ ìsọ̀ mọ́.

Ẹ rántí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní ìwọ̀n 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ là ń tan nígbà náà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wá bèèrè iye tó kù nínú ẹ̀yáwó rẹ̀, àwa náà á kọ́kọ́ wo jálá epo ká tó dáhùn. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà," la máa ń sọ. Àwọn mìíràn kì í padà wá. Ẹni tí ò bèèrè ò ní mọ iye tó jẹ, oníduró rẹ̀ náà ò ní mọ̀, títí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ á fi di ariwo láàárín ọjà, tí ọ̀rẹ́ ogún ọdún ò ní kí ara wọn mọ́. Owó epo yẹn ńkọ́? Inú èrè tí à ń pín fún yín lópin ọdún ló ti ń jáde. Nísinsìnyí, ìgbàkigbà tí ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì bá ṣí sílẹ̀, kọ̀ǹpútà wà ní títàn.

A ò ní purọ́ fún yín pé kò ní àléébù o. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì nínú ara rẹ̀. Eléyìí ò ní. Bí iná bá já lójijì, ó kú nìyẹn, ohun tí akọ̀wé ò tíì fi pamọ́ sínú rẹ̀ sì lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí UPS fi wà láàárín òun àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, táwọn akọ̀wé fi ń tẹ Ctrl àti S lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kánjú pè wọ́n. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, èyí tó ń fi ooru tẹ̀wé, kì í sí lórí UPS, torí bó bá ń gbóná ó lè fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wátì lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ìwé títẹ̀, kó fara balẹ̀ dìgbà tí iná bá dé.

Eruku tún ni ọ̀tá rẹ̀. Fáànù kékeré kan ló ń fẹ́ ẹ nínú, ihò rẹ̀ ò sì tóbi. Ẹ mọ̀ pé ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì (a ò bá yín jà o, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ẹ̀yin lẹ tètè ń san owó oṣù jù), a kàn gbé e jìnnà sí fèrèsé ni, a sì ń fọn eruku rẹ̀ jáde lóṣooṣù. Ẹni rere kan fún wa ní aṣọ léèsì láti fi bò ó. Ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kú nìkan là ń fi bò ó. Bó bá wà ní títàn tí a bò ó, ooru á mú un.

Ti olè ńkọ́? Ohun tó kéré tó yìí, ẹnìkan lè jù ú sínú báàgì kó máa lọ. A ti fi ìṣó onírin dè é mọ́ ẹ̀yìn síkíríìnì, síkíríìnì sì wà nínú ṣéènì mọ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, akọ̀wé àti akápò nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ yín ti ń bèèrè bóyá kí wọ́n ra irú rẹ̀ fún ìsọ̀ tàbí fún iṣẹ́ wọn. Bí iṣẹ́ rẹ bá ń mú ọ rin ìrìn àjò, ra láptọ́ọ̀pù, má wulẹ̀ dára rẹ láàmú. Ṣùgbọ́n bí ojú kan lo ti ń ṣiṣẹ́, kékeré yìí dáa, ó sì rọrùn láti túnṣe, torí bí kíbọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, kíbọ́ọ̀dù nìkan lo máa rà. Bó o bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3 tàbí i5. Láti 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun títọ́jú Windows 10 fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Windows 11 sì ń fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 8 sókè, bíi i5-8500T. Lẹ́tà T yẹn ń sọ pé kì í jẹ iná púpọ̀. Bó bá jẹ́ 6 tàbí 7, á ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n má san owó 8 fún un. Jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú rẹ, wò ó bóyá ṣájà tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fún ọ, kó o sì bèèrè bóyá Wi-Fi wà nínú rẹ̀, torí púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ọ́fíìsì ni kò ní in.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn wa. Owó yín kò sí nínú páálí yẹn. Báńkì ni owó wà. Àkọsílẹ̀ ló wà nínú páálí. Bí páálí bá jóná lónìí, ẹ̀dà kan wà nínú fláàṣì tí akápò ń mú lọ sílé lópin gbogbo ọjọ́ ọjà, èkejì wà níbòmíràn tí ìgbìmọ̀ mọ̀. Ẹ̀dà kẹta ni ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan yín. Nítorí náà, ẹ má sọ ọ́ nù pé kọ̀ǹpútà ti dé, ẹ má sì fi wé àkàrà fún ọmọ.

Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ máa mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì, ìlà kan ìsọ̀, ìlà kan ìsọ̀. Alátà ni yóò kọ́kọ́ wá. A óò ka iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà sókè, ẹ̀yin á wo tiyín. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó mú ọmọ rẹ̀ dání. Bí méjèèjì ò bá bára mu, a ò ní dìde níbẹ̀ títí a ó fi rí ibi tó ti yàtọ̀.