Le, Yi, Tọ́jọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Nọ́ọ̀tì Tí A Fi Ń De Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú nọ́ọ̀tì táyà. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn tí ń ta nọ́ọ̀tì kì í yé lò: wọ́n ní ọjà àwọn "lágbára". Irin lágbára, alumíníọ̀mù lágbára, títáníọ̀mù ni ó wá lágbára jù. Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí dù wá. Àwo tánganran le, ṣùgbọ́n kò yi. Awọ yi, ṣùgbọ́n kò le. Ohun mìíràn le lónìí, kò sì tọ́jọ́. Ẹni tí kò bá ya ìtumọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ kí ó tó rajà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí bóòtù ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbé ara lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì, bóòtù ń nà díẹ̀díẹ̀ bí rọ́bà, ó sì ń fẹ́ padà sí bí ó ti wà. Fífà tí ó ń fà yìí ni ó ń tẹ ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù tí wọn kò fi lè yọ̀ lára ara wọn. Nọ́ọ̀tì tí ó dára, nígbà náà, ni èyí tí kò ní jẹ́ kí fífà náà dẹ̀, ìbáà ṣe nínú ìgbóná, ìbáà ṣe lẹ́yìn tí a ti tú u tí a sì ti dè é lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìwọ̀n fífúyẹ́ ni wọ́n sábà fi ń polówó. Sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan irin wọn nǹkan bí gíráàmù 7.8, ti títáníọ̀mù jẹ́ 4.5, ti alumíníọ̀mù 2.7. Ìyàtọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba nọ́ọ̀tì 5 yóò gba 20 péré, ohun tí yóò sì dín kù lára gbogbo wọn kò sábà ju kìlógíráàmù kan lọ. Epo tí a rà sínú ọkọ̀ láàárọ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alumíníọ̀mù lásán rọ̀. Ní 1906 ni Alfred Wilm ní Jámánì rí i pé bí òun bá po bàbà àti magnesium mọ́ ọn, tí òun mú un gbóná, tí òun rì í sínú omi, tí òun sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò le sí i fúnra rẹ̀. Àwọn hóró tíntìntín ni wọ́n ń kóra jọ nínú rẹ̀ tí wọn kò fi jẹ́ kí ó rọrùn láti tẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí náà ni ó wà lẹ́yìn alumíníọ̀mù líle tí a fi ń rọ nọ́ọ̀tì lónìí. Ṣùgbọ́n bí ìgbóná bá kọjá nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, tí ó sì pẹ́, àwọn hóró náà a di ńlá, wọn a jìnnà síra, líle rẹ̀ a sì dín kù. Lórí pápá ìje, díìsìkì bíréèkì a máa gbóná kọjá 500, ìgbóná náà a sì máa gba inú họ́ọ̀bù dé ìdí nọ́ọ̀tì. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà: nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fi orúkọ pápá ìje tà, pápá ìje gan-an ni ó lè kọ́kọ́ bà á jẹ́! Ní títì, ìgbóná kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́rẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù lórí bóòtù irin ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí a bá tú u.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọkọ̀ Formula 1 ń lo alumíníọ̀mù. Wọ́n ń lò ó, nọ́ọ̀tì ńlá kan láàrin ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn a máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì máa sọ ọ́ nù. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 2021, ní Monaco, ipò kejì ni Valtteri Bottas wà nígbà tí ó yà wọlé láti pààrọ̀ táyà. Ẹ̀rọ tí ń tú nọ́ọ̀tì kò jókòó dáadáa, ó sì họ etí nọ́ọ̀tì iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún dànù. Eré parí fún un níbẹ̀. Ó di ilé iṣẹ́ wọn ní Brackley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ náà yọ. Bí àwọn tí owó àti ọ̀mọ̀ràn kò wọ́n bá lè bá a pàdé, kí ni ti ẹni tí fọkanáísà ń fi ẹsẹ̀ gun sípánà rẹ̀?

Ti títáníọ̀mù, orúkọ rẹ̀ ti tà á kí a tó rí i. Klaproth ni ó fi orúkọ àwọn òmìrán inú ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìkì pè é ní 1795. Ó le, ó yi, kò sì bẹ̀rù ìgbóná bíréèkì. Àléébù rẹ̀ ni pé a máa lẹ̀ mọ́ irin tí ó bá ń fara gbo, nítorí náà ó ń fẹ́ gíríìsì tirẹ̀. Gíríìsì yìí sì ń mú kí bóòtù nà ju bí sípánà tí ń díwọ̀n ti wí lọ. Olówó tí ó ní sùúrù ni ó yẹ.

Èrò tèmi ni pé irin ni kí a lò ní títì, irin náà sì ni fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sáré lórí pápá: ó le, ó yi, ó tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ irin ọlọ́kan, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi awọ dídán bò lórí. Ìpẹtà a máa wọ abẹ́ awọ náà, a sì wú, títí sípánà tí ó wà nínú ọkọ̀ kò fi ní wọ̀ ọ́ mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí táyà bá jò. Kí a wo ìdí nọ́ọ̀tì pẹ̀lú, bóyá ó ṣe ṣóńṣó tàbí ó rí roboto, kí ó bá ihò ríìmù mu. Kí a fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a fi sípánà tí ń díwọ̀n parí rẹ̀ ní iye tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sínú ìwé, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìn kìlómítà bí 100.