Ọkọ̀ Tí Ó Forí Sọ: Àtúnṣe Ni Tàbí Àrọ́pò?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lálẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan. Olùkọ́ tí ó fi owó àjọ ra ọkọ̀ àlòkù, awakọ̀ tí ó ń fi ọkọ̀ bọ́ ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ni ó kàn. Bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, tí Ọlọ́run sì yọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ìbéèrè kan ni ó máa ń tẹ̀lé ọpẹ́: ṣé kí a tún ọkọ̀ náà ṣe ni, àbí kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀?

Àwọn àgbà fi òwe méjì sílẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èkejì ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó bá di òwe kìíní mú nìkan yóò máa tún àfọ́kù ṣe títí yóò fi wọ gbèsè. Ẹni tí ó bá di èkejì mú nìkan yóò ta ọkọ̀ tí ó ṣì lè sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún ní owó pọ́ọ́kú. Ọgbọ́n tí a ń wá ni láti mọ ìgbà tí òwe kọ̀ọ̀kan bá ọ̀rọ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà èdè wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àtúnṣe yàtọ̀ sí àtúnkùn. Bí a bá tún ohun kan ṣe, a dá a padà sí ipò tí ó ti lè ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Bí a bá tún un kùn, ojú rẹ̀ nìkan ni a tọ́jú. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń sanwó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ń lu páánù ọkọ̀, àtúnkùn ni. N kò fi èyí bú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà o. Ọ̀jáfáfá pọ̀ nínú wọn. Àwa tí a gbé iṣẹ́ fún wọn ni a ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà jẹ́ kí ó dán." Ohun tí a sì bèèrè náà ni wọ́n ń fún wa.

Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: awọ ni ó bó ni, àbí eegun ni ó ṣẹ́? Bọ́ḿpà, fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, gíláàsì àti iná iwájú, awọ ni gbogbo wọn. A lè yọ ọ̀kan kí a de òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń rí wọn rà ní ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin tàbí ní Gate ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ẹ́ńjìnnì ró, tí ó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, tí ó sì yí èrò inú rẹ̀ ká, eegun ni.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní ṣáásí gbọọrọ tí a gbé ara ọkọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ara wọn gan-an ni eegun wọn: páánù tí a jó pọ̀ mọ́ páánù. Ìdí nìyí tí ìkọlù ní iwájú fi lè yẹ òpó ilẹ̀kùn kúrò ní ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ohun mìíràn tún wà. A máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ le, pé ti ìsinsìnyí rọ̀ bí ike. Kì í ṣe àìdára iṣẹ́ ni ó fà á. Ní ọdún 1952 ni Béla Barényi, onímọ̀-ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz ní Jámánì, gba ìwé-àṣẹ lórí èrò kan: kí ibi tí èrò ọkọ̀ jókòó sí le koko, ṣùgbọ́n kí iwájú àti ẹ̀yìn lè wó, kí wọ́n lè gba ipá ìkọlù náà mọ́ra kí ó má baà dé ara ènìyàn. Ní 1959, ilé-iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ tí a ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀ jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Iwájú ọkọ̀ tí ó rún ti fi ara rẹ̀ rúbọ fún awakọ̀. Bí a bá wá fi iná yọ́ irin náà, tí a fi òòlù nà án, tí a sì fi ọ̀dà bò ó, ó lè jọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ipá mọ́ra mọ́ bí a ṣe ṣètò rẹ̀. Níṣe ni ó yẹ kí a gé irú irin bẹ́ẹ̀ kúrò, kí a fi odidi tí ó bá a mu dípò rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé eegun ti yẹ̀? Ẹ wo àlàfo ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóyá ti ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì. Ẹ wò bóyá ilẹ̀kùn kọ̀ láti pa dé, bóyá táyà ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ọkọ̀ ń fà sí apá kan. Ẹ wa ọkọ̀ náà gba inú omi díẹ̀ kọjá lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ wo ipasẹ̀ rẹ̀: bí ti ẹ̀yìn bá yà kúrò lára ti iwájú sí apá kan, ọkọ̀ náà ń rìn bí akàn. Paríparí rẹ̀, kí mẹkáníìkì wọn abẹ́ rẹ̀, láti igun iwájú òsì dé igun ẹ̀yìn ọ̀tún, lẹ́yìn náà láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Ojú lè tanni jẹ níhìn-ín. Ìwọ̀n ni ẹlẹ́rìí.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí a kì í tún ṣe rárá. Bẹ́líìtì tí ó di ènìyàn mú nígbà ìkọlù líle ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tí ń bẹ́ jáde láti inú sitíárì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá rán ojú rẹ̀ pọ̀, tí ó sì pa iná ìkìlọ̀ rẹ̀, ẹ̀tàn ni ó ṣe, kì í ṣe àtúnṣe.

Ìbéèrè kejì ni ti owó. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a máa fi owó àtúnṣe wé iye tí a ra ọkọ̀ náà nígbà kan. Iye tí ì bá tà ní àárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá ni kí a fi ṣe òdiwọ̀n. Ká sọ pé ₦4,000,000 ni, tí àfọ́kù rẹ̀ yóò sì tà ní ₦900,000. A jẹ́ pé ₦3,100,000 ni a ó fi kún un kí a tó rí irú rẹ̀ rà. Bí mẹkáníìkì bá wá dá ₦1,500,000 lé àtúnṣe, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ fi ₦300,000 kún un fún ìbàjẹ́ tí a ó rí nígbà tí a bá tú u, ₦100,000 fún owó ọkọ̀ tí ẹ ó máa wọ̀, àti ₦400,000 fún iye tí ọkọ̀ náà yóò fi dín lójú oníbàárà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,300,000. Àtúnṣe ṣì pé. Ṣùgbọ́n bí iye àkọ́kọ́ bá jẹ́ ₦2,500,000, àpapọ̀ yóò di ₦3,300,000. Àrọ́pò ni ó pé. Ẹ gba iye lọ́wọ́ oníṣẹ́ méjì, ní àkọsílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú ọkọ̀ wò.

Ní ti àwọn adójútòfò, ìwé tí òfin sọ di dandan ní Nàìjíríà kì í tún ọkọ̀ ẹni ṣe. Ti ẹni tí a kọlù ni ó wà fún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni kúrò ní ₦5,000 tí ó di ₦15,000, tí ohun tí wọn yóò san lórí dúkìá ẹlòmíràn sì lè tó ₦3,000,000. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá kọlù yín, ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ kí ẹ tó gba owó gbà-má-bínú ní ojú títì. Ẹni tí ó san owó ìdójútòfò kíkún ni ilé-iṣẹ́ máa ń tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe fún. Bí àtúnṣe kò bá sì pé, wọn a san iye ọkọ̀, wọn a sì sábà gba àfọ́kù.

Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù: ta ni yóò wọ ọkọ̀ náà lẹ́yìn wa? Ní Bìrìtéènì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, lẹ́tà A, B, S àti N ni àwọn adójútòfò fi ń pín àfọ́kù ọkọ̀. A àti B kò gbọdọ̀ padà sí ojú títì mọ́. S ni èyí tí eegun rẹ̀ fara pa. N ni èyí tí eegun rẹ̀ kò fara pa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń kọ ọ́ sára ìwé ọkọ̀ pé ó ti di àfọ́kù rí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gba ojú omi wọlé tọ̀ wá wá, a ó sì sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀. Orúkọ rere ni, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ náà ti wá ni ó sọ fún wa. Kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Kí olùrà fi àmì 17 tí ó wà lára ọkọ̀ wádìí ìtàn rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Àwa náà ńkọ́? Bí a bá kun ọkọ̀ tí eegun rẹ̀ ti ṣẹ́, tí a sì tà á fún olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí a kò sọ fún un, ewu ni a tà fún un, a sì tún gba owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbé ọmọ tirẹ̀ sínú ọkọ̀ kan, kí ó tà á fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà ní wẹ́wẹ́, tàbí kí ó sọ òtítọ́ fún ẹni tí yóò rà á.

Ní kúkúrú, bí eegun bá dúró ṣinṣin tí owó sì pé, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ tún un ṣe. Bí eegun bá ṣẹ́, tí kò sí ẹni tí ó lè fi ìwọ̀n hàn yín pé òun ti dá a padà sí ipò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí àtúnṣe náà pọ̀ tó. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí a jọ jókòó.