Àgbọ̀n wú, kò sì dunni: Kí ló yẹ kí ẹ ṣe kó tó di ńlá?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí oníṣègùn eyín kan bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àdúgbò Poudrière, nílùú Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Katako àti Grand Marché dé ni, nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa eyín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa retí ọ̀rọ̀ ṣúgà, páákò àti ọṣẹ ìfọyín. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ nǹkan mìíràn ni mo bá wá lónìí. Mo fẹ́ sọ nípa wíwú kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú eegun àgbọ̀n. Kì í dunni, kì í gbóná, kì í dá èèyàn dúró lẹ́nu òwò. Nítorí pé kì í dunni yìí gan-an la ṣe máa ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi jẹ eegun.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí: wíwú àgbọ̀n tó bá lò ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, yálà ó dunni tàbí kò dunni, ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán X-ray rẹ̀.

Níbo ni kókó yìí ti ń wá?

Kí wọ́n tó bí ọmọ ni eyín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá nínú eegun àgbọ̀n rẹ̀. Ogún ni eyín àkọ́hù, àwọn tí a máa ń jù sórí òrùlé bí wọ́n bá yọ. Lẹ́yìn wọn ni ti àgbà máa ń hù títí yóò fi pé 32. Ẹran tínrín kan wà tó ń mọ eyín kọ̀ọ̀kan, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Bí ìkòkò bá parí, ó yẹ kí amọ̀kòkò máa lọ ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lọ. Díẹ̀ lára ẹran yìí máa ń ṣẹ́ kù sí ìdí eyín àti inú eegun, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Onímọ̀ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Charles Malassez, ṣàpèjúwe àwọn àṣẹ́kù yìí ní nǹkan bíi 1885, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì fi ń pè wọ́n títí di òní.

Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn kì í jí títí ayé. Lára àwọn mìíràn, wọ́n á jí. Bí wọ́n bá jí, wọ́n lè di àpò tó ní omi nínú, wọ́n sì lè di kókó.

Àpò tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ń wà ní ìdí eyín tó ti kú. Kòkòrò jẹ eyín náà, ó dùn fún ìgbà díẹ̀, ìrora lọ, ẹni tó ni ín rò pé ó ti san. Kò san o. Eyín náà ló kú, àpò omi sì ń dàgbà ní ìdí rẹ̀.

Èkejì máa ń yí orí eyín tí kò rí ọ̀nà hù ká, pàápàá eyín ìkẹyìn tó yẹ kó jáde láàrin ọdún 17 sí 25. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní keratocyst, máa ń gba inú eegun lọ láìjẹ́ kí ojú wú púpọ̀, bí wọ́n bá sì yọ ọ́ tán, ó lè tún padà. Àwọn onímọ̀ gan-an ti bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kà á mọ́ kókó. Ní 2017, wọ́n dá a padà sáàárín àwọn àpò omi.

Kókó tí a mọ̀ jù nílẹ̀ wa

Nínú àwọn kókó, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ni ameloblastoma, tí àwọn dókítà níbí ń pè ní améloblastome. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló fẹ́ràn jù, níbi tí àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ wà. Àwọn tó sì máa ń mú jù ni àwọn tó ṣì lágbára, àwọn tó wà láàrin ogún ọdún sí ogójì ọdún, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́mọ.

Ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Odukoya kọ ìwé ìwádìí lórí 289 irú àwọn kókó tó ń ti ara eyín jáde báyìí lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ameloblastoma. Ní 2005, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, LUTH, ní Ìdí-Àràbà, tẹ ti 319 aláìsàn jáde. Ameloblastoma kó ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá wo ti òkè òkun. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ka 706 kókó ní 1978, èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwọn ni odontoma, tó dà bí eyín kéékèèké tí kò dá pé. Òun kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ló yàtọ̀ ni? Ẹ má tètè gbà bẹ́ẹ̀. Odontoma kì í sábà wú. X-ray tí wọ́n ń yà fún ohun mìíràn ló máa ń tú u fó. Níbi tí àwọn èèyàn kì í ti í ya X-ray eyín àyàfi tí ojú bá wú, ìwọ̀nba kókó tó wú nìkan ni dókítà máa rí kà. Nítorí náà, iye yìí ń sọ nípa àrùn, ó sì tún ń sọ nípa ìgbà tí à ń dé ilé ìwòsàn.

Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Rárá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin ìyá mọ ìjù inú ilé ọmọ. Ìjù lè tóbi, ó lè da èèyàn láàmú, síbẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ameloblastoma náà kì í sábà fò lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Àmọ́ níbi tó wà gan-an, kì í ṣe àlejò rere. Ó ń jẹ eegun, ó ń ti eyín kúrò ní ipò rẹ̀, ó lè sọ eegun àgbọ̀n di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Èyí tó bá wà ní àgbọ̀n òkè lè gba ọ̀nà imú àti ojú lọ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Bí wọ́n bá kàn há a kúrò lórí eegun, ó lè ju ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ tí yóò tún hù padà fún. Ìdí ni pé ó máa ń rán ọwọ́ kéékèèké sínú eegun tó yí i ká, níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀?

Ojú tó bá wú nítorí ọyún inú eyín máa ń yára. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó ti gbóná, ó ti ń ta, èèyàn kò lè sùn. Ṣegede máa ń wú lábẹ́ etí pẹ̀lú ibà, ó sì máa ń lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ti ọmọdé, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Bí àgbọ̀n ọmọ bá ń wú kíákíá láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Uganda ní 1958. Oògùn ni wọ́n fi ń wò ó, kì í ṣe ọ̀bẹ, àmọ́ kò gba ìdúró rárá. Bí ó bá jẹ́ egbò ló bẹ̀rẹ̀ ní ìdí eyín ọmọ tí oúnjẹ kò tó, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dúdú, noma nìyẹn. Àrùn náà wà ní Niger níbí, WHO sì fi í sára àwọn àrùn tí ayé pa tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ilé ìwòsàn ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kókó tí mò ń sọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń wá, ní oṣù dé oṣù, ní ọdún dé ọdún. Ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí: ẹ̀gbẹ́ ojú kan tóbi ju èkejì lọ, eyín ń mì láìjẹ́ pé kòkòrò jẹ ẹ́, àlàfo ń yọ láàrin eyín tó ti sún mọ́ra tẹ́lẹ̀, eyín àtọwọ́dá kò wọlé dáadáa mọ́, wọ́n yọ eyín, ojú ibẹ̀ kò jinná, eyín ọmọ kan kọ̀ kò hù nígbà tí èkejì rẹ̀ ti hù. Bí ètè ìsàlẹ̀ bá kú bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ eyín, ẹ má sun ọjọ́ síwájú.

Kí ló ń dá wa dúró?

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó rí i pé àgbọ̀n òun le díẹ̀ lápá kan. Kò dùn ún. Ó fi ìpara ra á. Oṣù mẹ́fà kọjá. Eyín méjì ń mì, ẹnì kan bá a yọ wọ́n láìya X-ray. Wíwú náà kò dúró. Ó lọ bá wánzàm, ìyẹn fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ wá di egbò. Àwọn ará ilé ní àwọn ayé ló ṣe é, ẹnì kan sì di ẹni tí wọ́n ń fura sí láìṣẹ̀. Òun náà wá pinnu pé bí òun bá lọ sílé lọ́dún, òun yóò tọ́jú ara òun. Nígbà tó máa lọ, kókó tó dà bí ẹ̀pà ti di ọsàn.

Ìrìn àjò ilé náà kì í sì í ṣe ohun tó dájú. Ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba níbí, tí wọ́n ti ẹnubodè. Àìsàn kò mọ ẹnubodè, kò sì ní dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i.

Mi ò wá bú àgbo, mi ò sì wá ní kí ẹni kankan má gbàdúrà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí àgbo tàbí oògùn apakòkòrò tó lè dé inú kókó yìí kó sì yọ́ ọ. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì ya àwòrán.

Kí ni wọn yóò ṣe fún yín?

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni X-ray tó ń fi gbogbo àgbọ̀n hàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè ní panoramique níbí. Kì í dunni rárá. Lẹ́yìn náà, dókítà yóò gé díẹ̀ lára kókó náà, tí wọn yóò fi wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó. Àpò omi, ameloblastoma àti jẹjẹrẹ lè jọra lójú X-ray, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Bó bá jẹ́ àpò omi kékeré, iṣẹ́ abẹ díẹ̀ lè ti tó. Bó bá jẹ́ ameloblastoma, wọ́n sábà máa ń gé e pẹ̀lú bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 eegun tó dára ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn ọwọ́ kéékèèké yẹn. Bí ó bá ti jẹ eegun jìnnà, ó lè di dandan kí wọ́n gé apá kan àgbọ̀n, kí wọ́n fi irin dì í, tàbí kí wọ́n mú eegun láti ìbàdí tàbí ẹsẹ̀ fi dípò rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, owó ńlá ni.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ rí àyípadà kan nínú èyí tó ju ìdajì àwọn ameloblastoma lọ, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní BRAF. Oògùn tó ń bá àyípadà náà jà wà, wọ́n sì ti ń lò ó fún àwọn aláìsàn kan nílẹ̀ òkèèrè. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìdí láti jókòó dúró. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Níbí ní Niamey, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹnu àti àgbọ̀n ní Hôpital National. Bí ilé bá rọ̀ yín lọ́rùn jù, LUTH wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ará wa láti Kétou àti Savè ní CNHU ní Cotonou. Ẹ gbé àwòrán àti èsì àyẹ̀wò yín dání lọ.

Iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́ ni ìparí. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń padà máa ń padà láàrin ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn kan sì ń padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ máa padà lọ ya àwòrán, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko.

Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá fọ ẹnu, ẹ dúró síwájú dígí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì. Ẹ fi ìka tó mọ́ tọ eegun àgbọ̀n láti ẹ̀yìn dé iwájú, nínú àti níta. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú. Bí ẹ bá kan ohun líle kan tí kò sí ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má dúró kó dùn yín kí ẹ tó lọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níbí.