Odò Kan Láàárín Ìlú Púpọ̀



Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ṣí òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, igbó àti oko ni ó pọ̀ jù lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ènìyàn bá ti kọjá odò Ògùn ní Ìṣẹrì. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà kan náà lónìí yóò rí ilé lẹ́yìn ilé, ilé-ìjọsìn lẹ́yìn ilé-ìjọsìn, ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, títí yóò fi kọjá Mowé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ni ó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sùn: ní Akútè, ní Àgbàdo, ní Ìbàfò. Ìjọba kan ni ó ni ọ̀nà tí ó wà ní iwájú ilé wọn, ìjọba mìíràn ni ó ni ọ̀nà tí ó wà ní iwájú ibi iṣẹ́ wọn. Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń na ọwọ́ sí ara wọn, àwọn ìletò tí ó wà láàárín ni wọ́n sì ń gbà kọjá.

Ọ̀ràn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tún ìlú náà ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954 a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, a sì fi í sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mùṣín àti Ìkẹjà wà ní abẹ́ ìjọba tí ó jókòó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ti Yábàá rìn dé Mùṣín ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni òjò kan náà ni ó ń pa ilé méjèèjì. Ní ọdún 1964 àwọn ọ̀mọ̀ràn láti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí Otto Koenigsberger wà lára wọn, kọ ìwé nípa Èkó pẹ̀lú gbogbo àgbègbè tí ó ti so mọ́ ọn. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, tí a kó Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì mọ́ ọn, ó dà bí ẹni pé ọ̀ràn ti yanjú. Kò yanjú. Ìlú náà tún ti fo ààlà tuntun náà.

Kò lè ṣe kí ó má fò ó. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, omi sì ni apá tí ó pọ̀ nínú ìwọ̀nba tí ó ní. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, a ka ènìyàn tí ó lé ní 9,000,000 níbẹ̀. (Ìjọba Èkó kò gbà fún iye yìí, nínú ìkà ti wọn, ó lé ní 17,000,000.) Ní ọdún kan náà, ìpínlẹ̀ Ògùn tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po mélòó kan ní ènìyàn tí kò tó 4,000,000. Ibi tí ẹsẹ̀ yóò yà sí kò ṣòro láti mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú wọ̀nyí bí ẹni pé ọ̀nà nìkan ni ó so wọ́n pọ̀, a kò tí ì dé ìdí ọ̀rọ̀. Odò ni ó so wọ́n pọ̀ kí ọ̀nà tó dé. Odò Ògùn, tí àwọn àgbà mọ̀ sí odò Yemọja, ṣẹ̀ ní apá Ṣakí, ó gba ẹ̀bá Abẹ́òkúta kọjá, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó. Láti ọdún 1910 ni Èkó ti ń mu omi ẹ̀rọ láti Ìjù, nítòsí ààlà; ní ọdún 1991 a ṣí ti Adíyàn kún un. Ní Akútè, tí í ṣe ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ẹ̀rọ ti ń fa omi inú odò Ògùn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ omi náà. Kí omi náà má baà gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjọba àpapọ̀ mọ ògiri ńlá tí à ń pè ní dáàmù dí odò Òyán, tí ó ń ṣàn sínú odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta. Ọdún 1983 ni a ṣí i. Adágún tí ó wà lẹ́yìn ògiri náà lè gba ilẹ̀ tí ó tó 4,000 hẹ́kítà.

Ilẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn ènìyàn ń gbé orí rẹ̀, wọ́n sì ń dáko níbẹ̀. A kó wọn kúrò lọ sí ìletò tuntun ní etí adágún náà, ṣùgbọ́n omi tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ìlú ńlá kò yà sí ọ̀dọ̀ wọn nínú páìpù. Inú adágún náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pọnmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀. Omi tí kò ṣàn mọ́ ni ìgbín kékeré kan fẹ́ràn, ìgbín náà ni kòkòrò àtọ̀sí ajá sì ń gbé ara rẹ̀ kí ó tó wọ ara ènìyàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ yẹ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní àwọn ìletò náà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní àrùn náà, tí wọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lo oògùn lónìí tí ó sì padà sínú omi kan náà lọ́la yóò tún kó o. Kànga tí ó dára ì bá ti gbà wọ́n. Iye owó kànga mẹ́wàá, kí ni ó jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dáàmù?

Èyí jẹ́ ti òkè odò. Ní ìsàlẹ̀, ìyà mìíràn ni. Nígbà tí òjò bá pọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, adágún a kún, àwọn tí ń ṣọ́ dáàmù a sì ní láti tú lára omi náà sílẹ̀, kí ògiri má baà ya. Ní àtijọ́, àbàtà tí ó wà ní apá Ìṣẹrì ni omi yìí ń tàn sí. Yóò dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì rọra wọ ọ̀sà lọ. Àbàtà náà ni a ti pín tà. Ẹbí tà á, ẹni tí kò rí ilẹ̀ rà ní Èkó rà á, a da yanrìn sí i, a kọ́lé sí i, òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ó sọ pé rárá sì wo ibòmíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 omi tí a tú sílẹ̀ ní Òyán wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Ìbàdàn ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú, ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa gbé ènìyàn tí ó lé ní igba lọ.

Ètò kan tí yóò wo gbogbo àgbègbè yìí pọ̀ ni ó lè mú kí ẹni tí ó wà ní òkè odò àti ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì ti wáyé. Ní ọdún 2021 ìjọba Èkó àti ti Ògùn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé wọn yóò máa ṣe ìdàgbàsókè ààlà wọn pọ̀. Ọdún náà ni ìjọba ṣí ọkọ̀ ojú irin tuntun láàárín Èkó àti Ìbàdàn, lójú irin tí ó gùn ní kìlómítà 157. Ní ọdún 2024 òmíràn tí ìjọba Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Àgbàdo lọ sí Oyíngbò. Ó dára. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ni owó ilẹ̀ ti ń gbéra, bí a kò bá sì ti fa ìlà ọ̀nà, gọ́tà, ilé-ẹ̀kọ́ àti àbàtà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí ṣáájú, àwọn tí ń ta ilẹ̀ ni yóò fà á.

Àwọn ará ìletò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba oko fún iṣẹ́ ìlú, owó ilé àti owó ohun ọ̀gbìn tí ó wà lórí rẹ̀ ni òfin fẹ́ kí a san fún àgbẹ̀. Kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ì bá mú wá lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí títí di ọjọ́ tí awọnlẹ̀ yóò fi kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ẹbí tí ó bá ti ka igi kòkó, ọ̀pẹ àti obì rẹ̀, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, tí àwọn aládùúgbò sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, yóò rí nǹkan fi hàn nígbà tí a bá ń ṣírò.

Ẹni tí ó sì fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ tà, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àgbà awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Abẹ́òkúta fún ti Ògùn, ní Ìkẹjà fún ti Èkó, ní Ìbàdàn fún ti Ọ̀yọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò fi nọ́ńbà tí ó wà lára ìwé náà wá ilẹ̀ náà lórí àwòrán ti ìjọba, wọn yóò sì sọ bóyá ìjọba ti gbà á ṣáájú.