KÍ NI A Ó FI WỌN IṢẸ́ ỌLỌ́PÀÁ?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ààbò ẹgbẹ́ wa sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ó kan àwọn ọlọ́pàá, ó sì kan ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà mọ̀ pé bí ìdí mudu bá ti wọnú, bó ti wù kí a bù ú kún tó, ẹni tó ra ọjà ti pàdánù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwọ̀n iṣẹ́ ènìyàn rí. Bí ọ̀gá bá ń fi iye ènìyàn tí a kó wá sí àgọ́ wọn iṣẹ́ kọnsítébù, kọnsítébù yóò kó ènìyàn wá. Bó bá rí olè, yóò mú olè. Bí kò bá rí olè, yóò mú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ ní alẹ́. Ní ìparí oṣù, iye á pé lórí ìwé, olè á sì wà níta.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú wa rí. Wọ́n wá ọmọ rẹ̀ dé ilé, wọn kò bá a, wọ́n sì mú bàbá lọ dípò ọmọ. Ọjọ́ méjì ni àgbàlagbà yẹn fi sun orí sìmẹ́ńtì kí a tó gba béèlì rẹ̀. Béèlì tí wọ́n kọ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni, owó ni a fi gbà á. Nínú ìwé àgọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn mú ẹnì kan. Ìwé kò sọ pé ẹni tí wọ́n mú kọ́ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa nìkan. Nígbà tí Robert Peel dá ọlọ́pàá Lọ́ńdọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní ọdún 1829, ìlànà tí wọ́n fún wọn ni pé dídènà ìwà ọ̀daràn ni olórí iṣẹ́ wọn. Ní New York, ní ọdún 1994, William Bratton tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní CompStat: wọ́n ń pe àwọn ọ̀gá àgọ́ jọ, wọ́n ń fi iye ìwà ọ̀daràn àdúgbò kálukú bi wọ́n léèrè. Ìwà ọ̀daràn dínkù púpọ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àṣírí tú pé àwọn kan ń kọ ẹ̀sùn ńlá sílẹ̀ bí ẹ̀sùn kékeré, kí iye wọn lè dára lójú ọ̀gá. Mudu ti wọnú nìyẹn.

Nínú iṣẹ́ ìjọba tiwa, fọ́ọ̀mù APER ni ọ̀gá ti máa ń fi sọ bí ọmọ abẹ́ rẹ̀ ti ṣe sí láàárín ọdún. Ẹnu ọ̀gá ni a máa ń gbọ́ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, CLEEN Foundation ṣètò ọ̀sẹ̀ kan tí ará ìlú fi wọ àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n sì fún un ní máàkì lórí nǹkan márùn-ún: bí wọ́n ti ń gba àlejò, bí ilé àgọ́ ti rí, bóyá wọ́n ń ṣojúsàájú, bóyá iṣẹ́ wọn hàn sí gbangba, àti bí àtìmọ́lé ti rí. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 pẹ̀lú sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Ìwọ̀n gidi wà. Àwa ni a kò gbé e lọ́wọ́.

Àwa tí a wà ní Jos ní oṣù September 2001, ní November 2008 àti ní January 2010, kò sí ẹnì kan nínú wa tó bèèrè iye ènìyàn tí ọlọ́pàá mú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ohun tí kálukú ń bèèrè ni pé: nígbà tí a ránṣẹ́ pè wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n dé? Òru tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá tó dára jù lọ, kò sì sí ìwé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí a má sì parọ́ mọ́ wọn. Ọ̀gá àgọ́ tí mọ́tò rẹ̀ kò ní epo kò lè fò wá. Kí a tó wọn ènìyàn, kí a bèèrè ohun tí a fi lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ yìí ra ìwé ńlá kan, kí akọ̀wé máa kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀: wákàtí tí a pe ọlọ́pàá àti wákàtí tí wọ́n dé; bóyá wọ́n gba owó; bóyá ẹni tí wọ́n ń wá ni wọ́n mú; àti ibi tí ẹjọ́ náà parí sí. Bí kọnsítébù kan bá ṣe dáadáa, kí a kọ ìyẹn náà, kí a sì kọ lẹ́tà ìyìn sí ọ̀gá rẹ̀. Kí a pe àwọn aládùúgbò wa, Bírọ̀m, Hausa, Ìgbò àti Afízéré, kí wọ́n bá wa ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ohùn Yorùbá nìkan ni, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a jọ gbé e lọ bá D.P.O. pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, owó tí ẹ ó ná lónìí, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ìwé yẹn, kí ó sì san owó lọ́yà fún ẹni tí kò ní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A kò lè ṣe ọlọ́pàá fún ara wa, àwọn náà kò sì lè ṣọ́ ìlú tí kò bá wọn sọ òótọ́.

Ọlọ́run yóò dá wa sí. Ìlú Jos yóò tòrò.